Koríko láàárín igi: Ọgbọ́n tó lè pẹ̀tù sí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran, láti Kumasi títí dé ilẹ̀ Yorùbá

Ilé ẹjọ́ lè lé màlúù kúrò nínú oko, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ tó lè lé ebi kúrò nínú màlúù. Ohun tí àwọn ará Agogo, ní agbègbè Ashanti lórílẹ̀-èdè Ghana, fi ojú ara wọn rí nìyẹn. Agogo tí à ń wí yìí kì í ṣe agogo tí à ń lù. Ìlú àgbẹ̀ ni, ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Kumasi, lápá ibi tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Afram ti bẹ̀rẹ̀. Iṣu, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n ń gbìn. Koríko tútù tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ló fa ojú àwọn darandaran mọ́ra tí wọ́n fi kó màlúù wọn wá síbẹ̀. Màlúù wọ oko, ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà, ìjà sì gba ẹ̀mí àgbẹ̀, ó gba ẹ̀mí darandaran. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìlú Kumasi pàṣẹ pé kí àwọn aláṣẹ agbègbè Ashanti kó gbogbo màlúù kúrò ní ilẹ̀ Agogo. Ṣọ́jà àti ọlọ́pàá jáde lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Operation Cow Leg. Síbẹ̀síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìdájọ́ yìí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ìròyìn ìjà tún máa ń jáde láti Agogo.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn àwọn Ashanti nìkan lèyí. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe òfin tó de fífi ẹran jẹko káàkiri ní ọdún 2016, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2019, àwọn gómìnà gúúsù Nàìjíríà sì péjọ sí Asaba ní ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ẹran máa jẹ̀ káàkiri ní ìpínlẹ̀ àwọn mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹran ọ̀sìn nìkan. Òfin wà, iléeṣẹ́ wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí ẹnu kò fi bẹ́ẹ̀ kàn: bí ẹran kò bá gbọdọ̀ rìn kiri mọ́, kí ni yóò máa jẹ?

Ìdáhùn kan wà tí àwọn onímọ̀ ti ní lọ́wọ́ láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Òun náà ni gbígbin koríko, àti àwọn ewéko tó bá ẹ̀wà àti ẹ̀pà tan, sí àárín igi, kí ilẹ̀ kan náà lè bọ́ ènìyàn, kó bọ́ ẹran, kó sì tún fún wa ní pákó. Ìlú méjì ni ọ̀rọ̀ yìí jọ kàn gbọ̀ngbọ̀n: Kumasi àti Ìbàdàn.

KUMASI KÌ Í ṢE ILẸ̀ ÀJÈJÌ

Kumasi kì í ṣe ìlú tí Yorùbá kò mọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti ti Sekondi wọ ìlú náà ní ọdún 1903 ni àwọn oníṣòwò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn ti rí i gẹ́gẹ́ bí ibi tí èèyàn lè lọ là. Àwọn mìíràn bí ọmọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, títí ìjọba Busia fi pàṣẹ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ní òbí tàbí òbí àgbà tó ti Kumasi dé lọ́dún náà kò ní gbàgbé ìtàn yìí.

Ìlú yìí náà ni olú ìmọ̀ nípa igi àti oko wà ní Ghana. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Kwame Nkrumah tó jẹ́ ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ní ọdún 1952, ó di yunifásítì ní ọdún 1961. Ní Fumesua, lẹ́yìn ìlú, ni iléeṣẹ́ ìwádìí nípa igbó àti iléeṣẹ́ ìwádìí nípa ohun ọ̀gbìn wà. Iléeṣẹ́ ìwádìí nípa ilẹ̀ sì wà ní Kwadaso. Òjò kì í wọ́n wọn: nǹkan bíi mílímítà 1,400 ló ń rọ̀ lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì ni àkókò òjò sì ń wá, bíi tiwa. Bí a bá gbé àgbẹ̀ Oǹdó lọ sí Kumasi lóru, bí ilẹ̀ bá mọ́, kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ náà ni ojú rẹ̀ yóò rí.

Ohun kan tún jọra. Nínú àwọn àdúgbò Kumasi tí àwọn èèyàn ti ń sin àgùntàn àti ewúrẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni oúnjẹ ẹran. Màlúù tí wọ́n sì ń pa jẹ ní ìlú náà, láti àríwá Ghana àti Burkina Faso ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, bí tiwa náà ṣe ń ti òkè ọya wá sí Ìbàdàn.

OHUN TÍ ÌBÀDÀN MỌ̀

Ní ọdún 1976, ní iléeṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. T. Kang wà lára àwọn tó ṣáájú níbẹ̀. Wọ́n gbin igi tí ń jẹ́ Leucaena ní ìlà-ìlà, wọ́n sì gbin àgbàdo sí àárín àwọn ìlà náà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ilẹ̀ ti ń ṣá. Láyé àtijọ́, bí àgbẹ̀ bá ro oko fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, yóò fi í sílẹ̀ kó di igbó, kó sinmi fún bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí èèyàn pọ̀ tí ilẹ̀ dínkù, ìsinmi náà kò ṣeé ṣe mọ́. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé, bí ilẹ̀ kò bá lè padà sínú igbó, ẹ jẹ́ ká mú igbó wá sínú oko.

Nígbà tó yá, ilé-ìwádìí mìíràn tó jẹ́ ti ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní ILCA nígbà náà, dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn. Àwọn ló ní ewé yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ajílẹ̀ nìkan, àgùntàn àti ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n lo Leucaena, wọ́n sì lo igi kan tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ dáadáa, èyí tí à ń pè ní àgúnmánìyè, tí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ń jẹ́ Gliricidia. Wọ́n gbé e dé abúlé ní agbègbè Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń fún àwọn ẹran ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lòdì sí àrùn PPR tí ń pa ewúrẹ́ rẹpẹtẹ. Ní ọdún 1989, wọ́n dá ẹgbẹ́ AFNETA sílẹ̀ láti tan ìmọ̀ náà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà olóoru.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE RÍ

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Àgbẹ̀ yóò gbin igi ní ìlà-ìlà, àlàfo mítà 4 yóò wà láàárín ìlà kan àti èkejì, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25 ni yóò sì wà láàárín igi kan àti òmíràn lórí ìlà. Yóò jẹ́ kí igi náà dàgbà tó bí ọdún kan. Lẹ́yìn èyí, yóò máa gé e bọ́ sílẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún tàbí ìbàdí nígbàkigbà tó bá rúwé. Ó lè kó díẹ̀ nínú ewé náà fún ẹran, kó sì tẹ́ ìyókù sílẹ̀ fún àgbàdo tàbí koríko. Ẹni tó bá jẹ́ ẹran ló kù jẹ ẹ́ lógún lè gbin èèsún sí àárín ìlà dípò àgbàdo. Ó tún lè gbin ewéko tí ń fà nílẹ̀ bí ẹ̀wà, irú bíi Stylosanthes àti Centrosema. Òtílí tí àwọn ìyá wa ń sè, igi rẹ̀ náà wúlò fún iṣẹ́ yìí: èèyàn jẹ èso, ẹran jẹ ewé.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yan àwọn tó bá ẹ̀wà tan? Ẹ fa ẹ̀wà kan tu nínú oko, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Inú kókó wọ̀nyí ni àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Àwọn ni wọ́n ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ajílẹ̀ fún igi tó gbà wọ́n lálejò. Nínú oko ìdánwò Ìbàdàn, ewé Leucaena tí wọ́n gé láàárín ọdún kan lórí hẹ́kítà kan fún ilẹ̀ ní ohun tó ju kílò 100 náítírójìn lọ. Kò sí ẹni tó ra àpò ajílẹ̀ níbẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ fún ẹran ju ti ilẹ̀ lọ pàápàá. Nígbà tí koríko bá gbẹ nínú ọyẹ́, èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ máa ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìdá 7 nínú 100. Bó bá ti dé ibẹ̀, ẹran lè jẹ koríko títí kí ikùn rẹ̀ kún, síbẹ̀ yóò máa rù, nítorí pé ohun tí ń da oúnjẹ nínú ikùn rẹ̀ kò rí agbára ṣiṣẹ́. Ewé Leucaena àti ti àgúnmánìyè ní ju ìdá 20 nínú 100 lọ, àwọn igi náà sì ṣì ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí koríko ti di igi ìdáná. Gbòǹgbò wọn jìn, ó ń fa omi níbi tí gbòǹgbò koríko kò dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àgùntàn kúkurú ilẹ̀ wa tó wọn kílò 25 kò nílò ju nǹkan bíi kílò kan ewé tútù lójoojúmọ́ lọ, láti fi kún koríko gbígbẹ àti èèpo ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní àgùntàn márùn-ún yóò nílò kílò 600 fún oṣù mẹ́rin ẹ̀ẹ̀rùn. Ìlà igi díẹ̀ yí oko ká lè pèsè èyí. Ẹni tó bá ti ra ewé ẹ̀pà gbígbẹ fún àgbò rẹ̀ nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀ yóò mọ iye tí èyí fi pamọ́ sí i lápò.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN

Igi gan-an-ran kó má gún wa lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Leucaena ní májèlé kan nínú tí ń jẹ́ mimosine. Ẹṣin, ẹlẹ́dẹ̀ àti ehoro kò gbọdọ̀ jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, irun wọn yóò re. Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kó má ju bí ìdá mẹ́ta oúnjẹ wọn lọ. Ní Australia, ìdààmú yìí pọ̀ títí ọ̀gbẹ́ni Raymond Jones fi ṣàkíyèsí pé àwọn ewúrẹ́ erékùṣù Hawaii ń jẹ ẹ́ láìsí ewu. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ó mú omi inú ikùn wọn lọ sínú ẹran Australia, kòkòrò rere inú rẹ̀ sì ba májèlé náà jẹ́. Ní ti àgúnmánìyè, òórùn rẹ̀ kì í kọ́kọ́ bá ẹran lára mu. Bí a bá jẹ́ kí ewé náà rọ nínú oòrùn fún wákàtí díẹ̀, wọn yóò jẹ ẹ́. Ẹ̀wẹ̀, bí a bá jẹ́ kí Leucaena so èso tó gbó, hóró rẹ̀ yóò fọ́n ká, yóò sì di igbó tí ó ṣòroó pa. Kí a tó rí èso rẹ̀ ni kí a ti gé e.

Ọ̀ràn òjìji náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ igi tó ti ṣú bolẹ̀, koríko kò lè gbèrú. A gbọ́dọ̀ fẹ àlàfo, tàbí kí a gé nínú ẹ̀ka. A kò sì gbọdọ̀ kó ẹran wọ oko igi kí orí igi tó ga ju ẹnu ẹran lọ. Ti ewúrẹ́ burú jù, nítorí èèpo igi pàápàá ló ń họ jẹ.

KÍ LÓ DÉ TÍ KÒ FI GBILẸ̀?

Bí ọgbọ́n náà bá dára tó báyìí, kí ló dé tí kò kún oko wa láti Ṣakí dé Ìkìrè, tí kò sì kún oko Ashanti? Ìdí àkọ́kọ́ ni iṣẹ́. Ìgbà tí igi yìí nílò gígé gan-an ni ìgbà tí àgbẹ̀ ń gbin àgbàdo, tó ń roko, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ráyè. Ìdí kejì ni ẹran tí ń jẹ̀ kiri. Ẹni tó bá dá gbin igi tútù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ẹran abúlé ló gbin ín fún.

Ṣùgbọ́n ìdí kẹta ló tóbi jù, òun ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, igi ni ẹ̀rí. Ẹni tí a yá nílẹ̀, tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, lè gbin iṣu àti àgbàdo bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n bó bá gbin igi, onílẹ̀ yóò bi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn, nítorí ẹni tó gbin igi ti ń sọ pé òun kò ní í lọ mọ́. Ní ilẹ̀ Ashanti, àtọ̀húnrìnwá àgbẹ̀ ń dáko lábẹ́ àdéhùn abunu, tí wọ́n ń pín ohun tí oko mú wá sí méjì, tàbí abusa, tí wọ́n ń pín in sí mẹ́ta. Òfin ìjọba tún dá kún un: òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1962 fi igi gẹdú tó hù fúnra rẹ̀ sábẹ́ Ààrẹ, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún aráàlú. Àgbẹ̀ tí igi ìrókò hù nínú kòkó rẹ̀ mọ̀ pé bí ó bá dàgbà, agégẹdú ni yóò wá gé e, yóò sì wó kòkó òun mọ́lẹ̀. Kí ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe? Wọ́n ń pa igi náà ní kékeré. Ẹ kò lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó fẹ́ràn igi.

Ní ọdún 2002, Ghana bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Àtúnṣe òfin ọdún náà dáàbò bo igi tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ní àkókò yẹn náà ni ètò tí wọ́n ń pè ní Modified Taungya dé sínú igbó ọba tó ti bàjẹ́. Àgbẹ̀ yóò gbin igi tíìkì àti igi mìíràn fún ìjọba, yóò sì máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí àárín rẹ̀. Gbogbo oúnjẹ jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gé igi, ìdá 40 nínú 100 jẹ́ ti àgbẹ̀, 40 jẹ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, 15 jẹ́ ti onílẹ̀ àti ọba, 5 sì jẹ́ ti abúlé tó sún mọ́ igbó náà. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà. Ààlà tí wọ́n fi sí i yìí ló mú kí àgbẹ̀ fẹ́ gbin igi.

Síbẹ̀, ihò kan ṣì wà nínú ètò náà. Bí ó bá tó bí ọdún mẹ́ta, òjìji igi yóò ti pọ̀ jù fún oúnjẹ, àgbẹ̀ kò sì ní ohun tí yóò máa jẹ mọ́ títí igi yóò fi gbó ní bí ogún ọdún sí i. Ibẹ̀ gan-an ni koríko ti lè wọlé. Bí wọ́n bá fẹ àlàfo díẹ̀, tí wọ́n sì gbin koríko tó lè fara da òjìji, àgbẹ̀ náà lè máa gé e tà fún ẹni tó ní ẹran, tàbí kó sin àgùntàn tirẹ̀ tí yóò máa bá a jẹ igbó abẹ́ igi.

ÀWỌN TÓ WÀ NÍ ILẸ̀ TÚTÙ ŃKỌ́?

Kò yẹ kí a rò pé ilẹ̀ olójò nìkan lèyí ti ṣeé ṣe. Ní àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti ń di omi, tí òjò sì wọ́n, atẹ́gùn gbé ilẹ̀ lọ bí ẹni gbé elùbọ́ láàárín ọdún 1930 sí 1940. Láti ọdún 1934 sí 1942, ìjọba Roosevelt gbin igi tó ju 200 mílíọ̀nù lọ ní ìlà-ìlà láti fi ṣe odi atẹ́gùn. Ní Kánádà, ọgbà igi tó wà ní Indian Head, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1901, fún àwọn àgbẹ̀ ní igi tó ju 600 mílíọ̀nù lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Caragana, tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, wà lára wọn. Lẹ́yìn odi wọ̀nyí, yìnyín máa ń dúró kó tó yọ́ wọ ilẹ̀, koríko àti ewéko alfalfa a sì rí omi mu, ẹran kì í sì kú nínú atẹ́gùn òtútù. Bí ẹni tí òjò rẹ̀ kò tó ìdajì tiwa bá lè bọ́ màlúù láàárín igi, àwíjàre wo ló kù fún wa?

Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ NÍBẸ̀

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí a ṣe. Èkíní, kí onílẹ̀ àti àgbẹ̀ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, pé igi tí àgbẹ̀ gbìn fún oúnjẹ ẹran kò sọ ọ́ di onílẹ̀, onílẹ̀ kò sì ní lé e kó tó jèrè rẹ̀. Èkejì, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé àti ààlà oko, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tí ń sin ewúrẹ́ mẹ́ta mẹ́rin; ẹ̀ka àgúnmánìyè tí a gé, tí a sì rì mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò di ọgbà, yóò sì di oúnjẹ. Ẹ̀kẹta, kí owó tí ìjọba ń ná lórí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn dé orí irúgbìn koríko, kì í ṣe orí ìpàdé nìkan. Bí darandaran bá rí koríko rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ nínú oṣù kejì, tí àgbẹ̀ sì rí owó gbà lọ́wọ́ darandaran, àwọn méjèèjì yóò di oníbàárà ara wọn, ọwọ́ tó ń di àdá mú yóò sì nawọ́ gba owó.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé koríko nìkan yóò parí ìjà tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sí, nítorí ẹni tó pa èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ Kumasi ti kọ́ wa pé a lè dájọ́ kó tọ́, kí ìjà má sì tán. Ebi ẹran kò gbọ́ ìwé àṣẹ. Koríko ló gbọ́, ọwọ́ wa ni gbígbìn rẹ̀ sì wà.